Bọ́tìnì tó kọ̀ láti kúrò lórí "Back": ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹjọ́ kan náà ni mò ń gbọ́ látẹnu àwọn tó ń kọ áàpù: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ Padà sí bọ́tìnì ìpadà sẹ́yìn tó wà lókè ojú-ìwé, Back ló ṣì ń gbé wá." Mo ti dáhùn títí ó sú mi. Áàpù iPhone tí a fi Swift (èdè kóòdù Apple) àti UIKit (irinṣẹ́ Apple fún kíkọ́ ojú-ìwé áàpù) kọ ni mò ń sọ níbí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó pè.

Mo kọ backButtonTitle (ọ̀rọ̀ inú bọ́tìnì ìpadà) sí ojú-ìwé tí mo wà, kò yí padà.
Ojú-ìwé tí ẹ ti ń bọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ inú bọ́tìnì náà, kì í ṣe èyí tí ẹ dé. Bí ẹ bá ti ojú-ìwé Ọjà lọ sí ojú-ìwé Iye-owó, inú viewDidLoad ti Ọjà (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ojú-ìwé náà bá kọ́kọ́ gbéra) ni ẹ ó kọ ọ́ sí:

navigationItem.backButtonTitle = "Padà"

Ibí ni ẹjọ́ ọ̀pọ̀ yín parí sí.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ò hàn, ó tún di Back.
Ó gùn jù. Bí àyè ò bá gbà á, iOS (ètò tó ń darí iPhone) á fi Back dípò rẹ̀. Bí àyè bá tún fún sí i, ọfà nìkan ló máa kù. Ẹ gé e kúrú.

Ọfà nìkan gan-an ni mo fẹ́.
Ẹ má kọ "" síbẹ̀. Láti iOS 14, téèyàn bá tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ pẹ́, orúkọ àwọn ojú-ìwé tó ti gbà kọjá á tò jáde, òfìfo sì ni oníbàárà yín máa rí. backButtonDisplayMode = .minimal ni kí ẹ lò, lórí navigationItem ojú-ìwé tí ẹ ti ń bọ̀ kan náà.

"Padà" àbí "Ẹ padà"?
Padà. Oníbàárà ló ń pàṣẹ fún fóònù, fóònù kọ́ ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ẹ sì fi àmì sórí à náà.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ti ṣe, kò gbọ́.
Èyí bá mi jà rí, ó gba alẹ́ méjì lọ́wọ́ mi. Áàpù ìyá aláṣọ kan ni. Mo kọ Padà sí Ọjà, Back. Mo pa áàpù rẹ́ lórí fóònù, mo tún gbé e síbẹ̀, Back. Ni mo bá fi ipá ṣe é: mo fi leftBarButtonItem tèmi (bọ́tìnì apá òsì tí mo ṣe fúnra mi) síbẹ̀. Padà hàn lóòótọ́, inú mi dùn, mo fi ránṣẹ́ sí màmá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí: "Ọmọ mi, ìka tí mo máa ń fà láti ẹ̀gbẹ́ fóònù kí n fi padà sẹ́yìn, kò ṣiṣẹ́ mọ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ẹ bá ti fi leftBarButtonItem rọ́pò bọ́tìnì iOS, fífà yẹn náà á kú. Mo yọ ọ́ kúrò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo kọ ìlà kan sínú Ọjà, tó máa to orúkọ àwọn ojú-ìwé tí iOS ń wò jáde:

print(navigationController?.viewControllers ?? [])

Orúkọ Ọjà ni mo ń retí pé kó jáde. UITabBarController ló jáde. Ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà kò gbabẹ̀! Mo ti gbé gbogbo táàbù ìsàlẹ̀ (UITabBarController ló dì wọ́n mú) sínú navigation controller kan ṣoṣo, ìyẹn ohun tó ń to ojú-ìwé léra tó sì ń gbé bọ́tìnì ìpadà wá, nítorí náà táàbù ni iOS ń wò, kò tilẹ̀ ka ohun tí Ọjà ń sọ sí. Mo yí i sí:

tabBarController?.navigationItem.backButtonTitle = "Padà"

Ó hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá tún áàpù náà tò bó ṣe yẹ: táàbù lóde, kí táàbù kọ̀ọ̀kan ní navigation controller tirẹ̀ nínú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ tò ó báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn ló kọ áàpù náà, mi ò mọ ibi tí navigation controller wà.
Ìlà print yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Bí orúkọ tó jáde kò bá yé yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ áàpù náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.