Ẹ Má Tíì Gbé Ọkọ̀ Lọ Síbi Àláínímẹ́ǹtì

Bí sítíárìn ọkọ̀ tí wọ́n ti lò pẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀dọ̀ oní-àláínímẹ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ nílùú Ìlọrin níbí. Wọ́n á sanwó, wọ́n á wà á dé Gérì-Alímì, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Àláínímẹ́ǹtì kì í tún ohun tó ti jẹ ṣe. Ńṣe ló ń to táyà kí wọ́n lè dojú kọ ibi kan náà. Bí tai-rọ́ọ̀dù, irin tí sítíárìn fi ń yí táyà, bá ti lọ, èyí tí wọ́n tò láàárọ̀ á ti yẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni iṣẹ́ tèmi, ohun tí mo sì máa ń yẹ̀ wò kí n tó ní kí oníbàárà lọ ra pátì ni mo fẹ́ sọ. Ẹ lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ níwájú ilé yín.

Ohun méjì ni àwọn èèyàn máa ń pè lórúkọ kan. Ọ̀kan ni gbígbọ̀n: ọkọ̀ ń lọ, sítíárìn ń jì lọ́wọ́ yín. Èkejì ni pléè: ẹ yí sítíárìn díẹ̀, táyà ò dá yín lóhùn. Ọkọ̀ kan lè ní méjèèjì pọ̀, àmọ́ ibi tí gbígbọ̀n ti ń wá yàtọ̀ sí ibi tí pléè ti ń wá lọ́pọ̀ ìgbà.

Ká mú gbígbọ̀n. Bàbá kan gbé Camry wá, wọ́n ní ó kàn ń gbọ̀n ṣáá ni.

“Àlàájì, ìgbà wo ló ń gbọ̀n? Ṣé tí ẹ bá tẹ bíréèkì ni àbí tí ẹ bá ń sáré?”

Wọ́n rò ó díẹ̀. “Tí mo bá ti kọjá Gánmọ̀, tí mo tẹ̀ ẹ́ dé 90. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ó tún máa ń rọlẹ̀.”

Ìdáhùn yẹn ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Gbígbọ̀n tó bá ní ìwọ̀n eré tirẹ̀, tó ń dé láàárín 80 sí 110, táyà tàbí rímù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pé bálánsìn wọn ti bàjẹ́, ìyẹn ni pé ìwọ̀n wọn ò dọ́gba yípo mọ́. A tú táyà, a yí ẹ̀yìn rímù síta: ẹrẹ̀ pupa ti gan mọ́ ọn nínú, lápá ibì kan ṣoṣo, ó ti le bíi bíríkì. Àdúgbò tí wọn ò tíì dá ọ̀dà sí ni Àlàájì ń gbé, òjò sì ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́. Ọmọọṣẹ́ mi fi súkúrúdíráfà ha á kúrò, ó fi omi fọ̀ ọ́, kò sí pátì kankan tí a rà. Nítorí náà, lásìkò òjò, ẹ máa bẹ ẹ̀yìn rímù wò kí ẹ tó náwó.

Bí kò bá sí ẹrẹ̀, ẹ wá òjé kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe bálánsìn. Ibi tí ọ̀kan bá ti já bọ́ máa ń ní àmì tó mọ́ lára rímù. Ẹ sì fi wíìlì súpánà dán nọ́ọ̀tì táyà wò, gbogbo wọn. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, nọ́ọ̀tì tó tú sì máa ń jọ gbogbo àìsàn yòókù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti fi mọ òótọ́ ni pípààrọ̀ ipò: ẹ gbé táyà iwájú méjèèjì sẹ́yìn, kí ẹ gbé ti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ẹ wá tún ọ̀nà yẹn wà. Bí sítíárìn bá dákẹ́, tí ìdí yín wá ń gbọ̀n lórí àga, táyà tàbí rímù ni. Bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín bó ṣe wà, ẹ fi táyà sílẹ̀, ẹ lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Tí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, dísíìkì iwájú ni kí ẹ yẹ̀ wò, ojú rẹ̀ kì í dọ́gba mọ́. Tí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń tẹná lórí òkè, tó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ṣáàfù tó ń yí táyà ni, apá inú rẹ̀ tó wọ ẹnu gíà. Èyí tó bá ń fì ní 20 tàbí 30, bí ìgbà tí ọkọ̀ ń tiro, táyà ti wú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀ yípo, ẹ̀gbẹ́ inú ńkọ́? Ẹ ra òun náà. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Táyà tókunbọ̀ lè dán bí tuntun kó sì ti gbó.

Ó wá ku pléè, iṣẹ́ rẹ̀ sì gba sùúrù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí táyà dojú kọ iwájú gan-an, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ páwà sítíárìn, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí etí sítíárìn, kí ẹ máa yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sọ́tùn-ún àti sósì títí táyà á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mira. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota, bí àmì yẹn bá rìn kọjá mìlímítà 30, pléè ti pọ̀ jù.

Láti mọ ibi tó wà, ẹ má tíì fi jáàkì gbé e. Kí ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹnì kan jókòó sídìí sítíárìn, kó máa jù ú sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀yin fi ọwọ́ di tai-rọ́ọ̀dù mú níbi tó ti sọ mọ́ ẹsẹ̀ táyà. Èyí tó bá ti jẹ, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kí ẹ tó rí i lójú: irin kan ti rìn kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ fún rọ́bà tó bo etí ráàkì, irin gbọọrọ tí sítíárìn ń tì sọ́tùn-ún sósì; ráàkì ẹ́ńdì, oríkèé tó so ó mọ́ tai-rọ́ọ̀dù, wà nínú rẹ̀. Bí òun bá ti lọ, ẹ ó gbọ́ kọ̀-kọ̀ lábẹ́ ìka. Ẹ sì wo ráàkì fúnra rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń sún lọ sún bọ̀, bọ́ọ̀ṣì tó dì í mú ló ti jẹ, owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráàkì tuntun tí ẹlòmíì á ní kí ẹ rà. Bí kọ̀-kọ̀ náà bá ń ti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wá, ẹ yẹ jọ́ìntì òpó sítíárìn àti bóòtù rẹ̀ wò.

Ìgbà yìí ni ẹ wá lè fi jáàkì gbé e. Ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, kí ẹ sì gbé nǹkan tó lágbára sábẹ́ ṣaasí. Jáàkì nìkan ò ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹ di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ mì ín: tai-rọ́ọ̀dù tàbí ráàkì ẹ́ńdì ló sábà máa ń dáhùn. Ẹ di í mú lókè àti nísàlẹ̀: bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, oríkèé tó gbé ẹsẹ̀ táyà dúró, tàbí bẹ́ríìnì tí táyà ń yí lórí rẹ̀ ni. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí ẹ tún mì ín. Bí pléè bá pòórá, bẹ́ríìnì ni. Bí ó bá ṣì wà, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ni, ẹ má sì wa ọkọ̀ yẹn lọ sí Ọ̀fà, ẹ má tilẹ̀ wà á dé Amóyọ̀. Bí ó bá jáde lórí eré, táyà á ká sábẹ́ ọkọ̀.

Tí ẹ bá ń tú tai-rọ́ọ̀dù, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ yí i kó tó jáde, kí ẹ yí tuntun wọlé níye bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á lè rìn dé ibi àláínímẹ́ǹtì láìjẹ táyà. Níbi tí nọ́ọ̀tì bá ti ní ihò píìnì, ẹ rí i pé wọ́n fi píìnì sí i. Ní òpópónà Táíwò tí ẹ ti ń ra pátì, ẹ fi ọwọ́ yí orí bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́nu tai-rọ́ọ̀dù náà: tuntun máa ń le. Èyí tó bá ń yí gbẹrẹgẹdẹ, ẹ dá a padà.

Àwọn Benz 190 àti Hilux àtijọ́ kò ní ráàkì, àpótí sítíárìn ni tiwọn. Súkúrù kan wà lórí àpótí yìí tí àwọn kan máa ń fún pa kí pléè lè lọ. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ẹ yẹ gbogbo jọ́ìntì wò ná. Bí wọ́n bá sì ti fún un, ẹ wa ọkọ̀ yípo kọ́nà kan kí ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́ díẹ̀: ó yẹ kí sítíárìn padà sáàárín fúnra rẹ̀. Bí kò bá padà, wọ́n ti fún un jù, ẹ ní kí wọ́n tú u díẹ̀.