Lẹ́tà mẹ́ta tó ná wa lówó gọbọi: ìrírí mi lórí fífi plasma ránṣẹ́ sókè òkun

Owó tí wọ́n ní ká san torí pé àpótí wa sùn sí pápákọ̀ òfurufú pọ̀ ju owó tí wọ́n fi gbé e débẹ̀ lọ. Ìwé wa pé, ẹrù wa bófin mu, èmi fúnra mi ni mo di àpótí náà. Síbẹ̀, nítorí ohun tí ẹnì kan ní iléeṣẹ́ akẹ́rù kọ sójú ibì kan ṣoṣo nínú ìwé ọkọ̀ òfurufú (air waybill, ìwé tó ń bá ẹrù rìn), díẹ̀ ló kù kí ẹ̀jẹ̀ tí àwọn èèyàn fi tinútinú yọ̀ǹda fún ìwádìí ṣòfò. Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́.

Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe fún àwọn yàrá ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn. Èmi ni mò ń pàṣẹ kẹ́míkà, èmi ni mò ń pe àwọn tó ń tún fíríìsà ṣe, èmi ni mò ń kọ ìròyìn ìnáwó fún àwọn tó fún wa lówó ìwádìí, èmi náà ni mò ń ṣọ́ ọ kí ọjọ́ má kọjá lórí ìwé àṣẹ kankan. Bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ pé àwọn fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá ìwádìí mìíràn, gbólóhùn kan péré ni. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ inú gbólóhùn yẹn, orúkọ rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, plasma ni a fẹ́ fi ránṣẹ́, ìyẹn omi tó máa ń kù tí a bá ti yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Inú fíríìsà tó tutù dé −80 °C la ń tọ́jú rẹ̀ sí. Àwọn alábàáṣiṣẹ́ wa ní orílẹ̀-èdè mìíràn ló ní ẹ̀rọ tí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn ìwé ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé àdéhùn lórí ohun ìwádìí tí gbogbo wa ń pè ní MTA, ẹ̀ka òfin tiwa àti tiwọn ti buwọ́ lù ú. Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn olùkópa ti fọwọ́ sí i. Àwọn tó fẹ́ gbà á ti gba ìwé àṣẹ ìkówọlé lọ́dọ̀ ìjọba wọn. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ bó ṣe ń lọ. Ohun kan ni mi ò lè fò kọjá: mo ka fọ́ọ̀mù tí àwọn olùkópa buwọ́ lù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n lè rí i pẹ̀lú ojú ara mi pé a sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn lè kúrò nílùú. Ní ọdún 1951, àwọn dókítà ní Baltimore mú sẹ́ẹ̀lì lára Henrietta Lacks, obìnrin kan tó ní àrùn jẹjẹrẹ, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì HeLa yẹn sì ti kárí ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní gba ọwọ́ mi kọjá.

Ní ti dídì, orí mi wú. Mo ní ìwé ẹ̀rí kíkó ẹrù eléwu ní ìlànà IATA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, èyí tí a gbọ́dọ̀ sọ dọ̀tun ní oṣù 24 síra wọn, mo sì mọ ìlànà 650 wọn lórí dídi ẹrù bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Ẹ̀ka B lára àwọn ohun tó lè ní kòkòrò àrùn nínú ni plasma wa bọ́ sí, UN3373 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń fẹ́: ìgò kéékèèké tí kò lè jò, àpò kejì tí òun náà kò lè jò, àti àpótí òde tó le. Ohun tó ń fa omi mu gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgò àti àpò kejì. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ lè fara da agbára ìfúnpá 95 kPa (kilopascal), torí bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń yí padà lókè. Dry ice wà lóde àpò kejì. Ẹ má ṣe fi í sínú ohun tí a dé pinpin láé, nítorí gáàsì carbon dioxide tí wọ́n sọ di líle ni, kì í yọ́ di omi, gáàsì ló ń padà dà. Bí gáàsì yẹn ò bá rí ọ̀nà jáde, àpótí á bú. Ó tutù dé −78.5 °C, ìbọ̀wọ́ tó nípọn ni mo fi mú un.

Lára àpótí, mo lẹ àmì UN3373, mo lẹ àmì ẹrù eléwu ìsọ̀rí 9 pẹ̀lú UN1845 fún dry ice náà, mo kọ iye kìlógíráàmù rẹ̀ síbẹ̀, mo sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó mọ̀ nípa ẹrù náà. Nọ́ńbà mi ni. Mo fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìwọ̀n òtútù sáàárín àwọn ìgò. Ọ̀gá láàbù wá wò ó, ó ní òun ò rí i kó dára tó báyìí rí. Mo gbà á lóòótọ́, torí ó dára.

Ọjọ́ Ajé la gbé e jáde, kí òpin ọ̀sẹ̀ má baà ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wa kọ́kọ́ ní òun fẹ́ rí ìwé ìkéde ẹrù eléwu. Mo ṣàlàyé fún un pé UN3373 kò nílò ìwé yẹn, àní bí dry ice bá tilẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó kọ̀. Mo ṣí ìwé ìlànà níwájú rẹ̀, mo fi ìka tọ́ka sí i, ó lọ bi ọ̀gá rẹ̀, ó sì padà wá gbà á láìsọ̀rọ̀. Kékeré nìyẹn.

Èyí tó bí mi nínú ń bọ̀.

Àpótí gúnlẹ̀ lásìkò tí wọ́n dá. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n ń kọ ni pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Mo pe iléeṣẹ́ akẹ́rù, wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo tún pè, ẹlòmíràn ló gbé e, òun náà ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ní yàrá ìwádìí kejì ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹni tí a kò tíì fojú kan ara wa rí, òun ló sì pè mí padà. Wọ́n ti dá àpótí dúró torí pé ìwé méjì ń ta ko ara wọn.

Nínú ìwé ọkọ̀ òfurufú, àyè méjì wà fún iye tí ẹrù tó. Ọ̀kan wà fún akẹ́rù, èkejì wà fún aṣọ́bodè. Nínú ti akẹ́rù, èèyàn lè ní òun kò kéde iye kankan. Èyí tó wà fún aṣọ́bodè ló gbọ́dọ̀ bá ínfọ́ìsì mu. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó ń ra plasma ìwádìí lọ́jà, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè fẹ́ rí iye kan, nítorí náà a ka owó ìgò àti iṣẹ́ tí a ṣe lórí rẹ̀, a kọ ọ́ sínú ínfọ́ìsì, a kọ̀wé sí akẹ́rù pé iye yẹn gan-an ni kí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀. Akọ̀wé wọn kò kọ ọ́. NCV, lẹ́tà mẹ́ta péré, ló kọ síbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹrù náà kò níye lórí. Lójú aṣọ́bodè, ẹni tó bá mú ìwé méjì tó ta ko ara wọn wá ń fi nǹkan pamọ́. Mi ò dá aṣọ́bodè lẹ́bi.

Mo ní kí akẹ́rù tún un ṣe kíá. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló ni ìwé náà. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní akẹ́rù ló kọ ọ́, òun ló gbọ́dọ̀ béèrè àtúnṣe. Akẹ́rù fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn, àwọn aṣọ́bodè kò gbà á, torí pé kò sí òǹtẹ̀ ọkọ̀ òfurufú lára rẹ̀. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ní gbogbo àkókò yìí, dry ice ń fò lọ. Ní irú àpótí tí a lò, kìlógíráàmù bíi mélòó kan ló máa ń lọ lójúmọ́, bí ibi tó wà bá sì gbóná, ó ń pọ̀ sí i. Ìlọ́po ohun tí ìrìnàjò náà ń fẹ́ ni mo kó sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó ń tán lọ ní ibi tó ń parí sí.

Mo béèrè lọ́wọ́ akẹ́rù bóyá wọ́n lè kó dry ice tuntun sí i. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé fóònù ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, àpótí yín wà ní yàrá tútù." Yàrá tútù tó ń sọ, ìwọ̀n 2 sí 8 °C ni, tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí! Plasma tó bá yọ́ níbẹ̀, tí wọ́n tún mú un dì, àwọn purotéènì kan nínú rẹ̀ á ti bàjẹ́, ẹ̀rọ á sì máa ka ohun tí kò sí lára ẹni tó fún wa lẹ́jẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí fún un. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kíkó yìnyín sí i kò sí nínú àdéhùn wa, kí a kọ́kọ́ buwọ́ lu ìwé pé a ó sanwó. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ní dry ice tiwọn, wọ́n ṣe tán láti gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń ṣọ́ ibi tí àpótí wà ò jẹ́ kí wọ́n wọlé, òṣìṣẹ́ tó ní àṣẹ ibẹ̀ nìkan ló lè fọwọ́ kan ẹrù tó wà lábẹ́ aṣọ́bodè.

Mo gba ẹ̀ka ìṣúná wa lọ. Wọ́n ní kò sí owó tó lè jáde láìsí ìwé ìbéèrè, pé ìwé ìbéèrè ń fẹ́ ìbuwọ́lù ẹni méjì, pé ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́nu ìsinmi. Mo ní kí ẹnì kan bá mi pè é. Wọ́n ní a kì í dààmú ẹni tó wà lẹ́nu ìsinmi. Mo padà sí ọ́fíìsì mi, mo ṣírò iye dry ice tó yẹ kó ṣẹ́ kù ní wákàtí sí wákàtí, mo kọ wákàtí tí yóò tán sísàlẹ̀, mo mú un lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná fúnra rẹ̀. Mo sọ fún un pé a kò lè padà lọ gba ẹ̀jẹ̀ yìí mọ́, pé àwọn míì nínú àwọn olùkópa ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ara wọn kò rí bó ṣe rí nígbà tí a gbà á. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó pe ẹni tó wà lẹ́nu ìsinmi, ó buwọ́ lù ú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Bí mo ṣe kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo fi ìwé náà ránṣẹ́.

Wọ́n kó yìnyín sí i lóru. Lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ jáde nígbà tó yá, àwọn aṣọ́bodè yọ̀ǹda àpótí. Nígbà tí obìnrin yẹn so ẹ̀rọ kékeré náà mọ́ kọ̀ǹpútà, ìwọ̀n òtútù kò tíì gòkè kọjá −65 °C rárá. Mo pariwo nínú ọ́fíìsì. Ọwọ́ mi ni mo fi di àpótí yẹn, ó sì dúró.

Lẹ́yìn náà ni ínfọ́ìsì akẹ́rù dé. Owó ìfipamọ́ wà níbẹ̀, owó dry ice, owó iṣẹ́ òru, àti owó àtúnṣe ìwé. Wọ́n ní kí a sanwó fún àtúnṣe àṣìṣe tiwọn! Mo kọ lẹ́tà àtakò lọ́jọ́ náà gan-an, mo so ìtọ́sọ́nà tí a kọ sí wọn mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi lẹ́tà falẹ̀. Lábẹ́ Àdéhùn Montreal ti 1999, èyí tó wà lórí ìrìnnà ọkọ̀ òfurufú láàárín orílẹ̀-èdè, ẹ ní láti kọ̀wé kí ọjọ́ 14 tó kọjá lẹ́yìn tí ẹ gba ẹrù bí ó bá bàjẹ́, kí ọjọ́ 21 sì tó kọjá bí ó bá pẹ́. Ẹ má sì gbọ́kàn lé owó gbà-má-bínú ọkọ̀ òfurufú: láti ìparí 2024, SDR 26 (SDR ni owó ìṣirò àjọ IMF) lórí kìlógíráàmù kan ni òpin rẹ̀, bí a kò bá ti kéde iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún akẹ́rù tẹ́lẹ̀. Àpótí plasma kò wúwo. Iye yẹn kò lè ra ìgò tí a lò pàápàá. Akẹ́rù ti fa owó àtúnṣe àti owó ìfipamọ́ rẹ́ báyìí. Owó dry ice ni wọ́n kò tíì gbà láti fà rẹ́, mo ṣì ń kọ̀wé sí wọn.

Ní báyìí, mi ò ní jẹ́ kí àpótí jáde tí n kò bá tíì rí àwòrán ìwé ọkọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n fi ojú ara mi wo àyè iye méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfọ́ìsì. Kíkó dry ice tuntun sí i gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn pẹ̀lú iye rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó lè pàṣẹ rẹ̀ lóru. Ẹ̀ka ìṣúná ti gbà kí á ní ìwé ìbéèrè tó ti ní ìbuwọ́lù sílẹ̀ fún gbogbo ẹrù dídì, ìjà kékeré kọ́ ni mo jà kí wọ́n tó gbà. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba àpótí lọ́hùn-ún, kí ó kọ́kọ́ ṣí i, kí ó wọn dry ice tó kù, kí ó ya fọ́tò, kí ó kọ ohun tó rí sórí ìwé awakọ̀ kó tó buwọ́ lù ú. Awakọ̀ á máa kánjú. Kó dúró.