Pesenti ò tẹ̀ lé ohun tá a sọ lẹ́yìn ìtọ́jú eyín, kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A yọ eyín fún ẹnì kan, a ní kó má tutọ́, kó má fi omi yọ ẹnu, kó má mu sìgá, gbogbo ẹ̀ ló ń sọ pé òun ti gbọ́, ló bá tún padà wá lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú ìrora tí ò jẹ́ kó sùn. Ṣé oríkunkun ni?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í sábà jẹ́ oríkunkun. Ẹ ro ìgbà tẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀ wò, abẹ́rẹ́ ṣì mú ẹnu ẹ̀ kú, òwú wà lẹ́nu ẹ̀, àyà ẹ̀ ń já, bó ṣe máa délé ló ń rò. Ẹ sì kàn ń sọ "má ṣe, má ṣe", ẹ ò sọ ìdí ẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò eyín yẹn dà bí èépá egbò, òun ló bo eegun abẹ́ ẹ̀. Tó bá ń tutọ́ tàbí tó ń fi sìtíróò fa nǹkan mu kí wákàtí 24 tó pé, ẹ̀jẹ̀ yẹn lè ṣí kúrò, eegun á wá wà ní gbangba, ìrora burúkú yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin.

Ẹ má bi í pé "ṣó yé yín?", gbogbo èèyàn ló máa ní ó yé òun. Ẹ ní "mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ bá délé, tí itọ́ bá kún ẹnu yín ńkọ́?" Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí ò yé e. Ẹ kọ ọ́ sínú bébà fún un, kí ẹni tó sìn ín wá náà gbọ́, ẹ sì pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìbéèrè: Àwọn tí èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní torí ẹ̀jẹ̀ yẹn làwọn ò ṣe fọ ibẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọ́n rò pé àwọn ń dá egbò síbẹ̀ ni. Ẹ fi dígí hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn mú búrọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n rí ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ etí èrìgì, ìyẹn gan-an ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ń rọra fọ ọ́ lójoojúmọ́, ó sábà máa ń dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tí ò bá dín kù kí wọ́n tètè padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ò bá ṣe é, ẹ má jágbe mọ́ ọn, torí tẹ́ ẹ bá jágbe mọ́ ọn, irọ́ ló máa pa fún yín nígbà míì, tàbí kó má wá mọ́.