Bí mo ṣe bá àbúrò mi yẹ kọ́ńtíráàtì básíkẹ́tì ẹ̀ wò kó tó lọ Pọ́túgàl

Tí ẹ bá sọ n'Ìjẹ̀bú Òde pé ọmọ kan ń gbá básíkẹ́tì lókè òkun, NBA, líìgì básíkẹ́tì Amẹ́ríkà, ló máa wá sọ́kàn gbogbo èèyàn, wọ́n á ní ṣé bíi ti Hakeem Olajuwon tó gba ife fún Houston ní 1994 tó tún gbà á ní 1995. Rárá o. Ti Olumide Oyedeji tí wọ́n bí n'Ìbàdàn ló sún mọ́ ọn, ó gbá ní Würzburg ní Jámánì kí Seattle tó wà ní NBA nígbà yẹn tó mú un ní 2000, ó dé Orlando, ó tún gbá ní Ṣáínà àti Kòríà. Iṣẹ́ alárìnká ni, kọ́ńtíráàtì ọdún kan ọdún kan, kílọ́ọ̀bù yìí lónìí, òmíì lọ́dún tó ń bọ̀. Irú ẹ̀ ni ọmọ àǹtí mi rí ní Pọ́túgàl, torí pé mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn Garage tí mo sì máa ń bá èèyàn kọ lẹ́tà, èmi ni wọ́n kó gbogbo ìwé ẹ̀ wá bá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ẹni tó fẹ́ mú ọmọ lọ. Ẹnì kan ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ó ní kí wọ́n san owó sílẹ̀ kí òun fi ṣí fáìlì. Mo wọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì FIBA, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso básíkẹ́tì lágbàáyé, orúkọ àwọn éjẹ́ǹtì tí wọ́n fún ní láísẹ́ǹsì wà níbẹ̀, mo wá tiẹ̀ títí, kò sí. Òfin FIBA sì ni pé owó éjẹ́ǹtì ò gbọdọ̀ ju 10% owó tí agbábọ́ọ̀lù máa gbà lọ, lọ́pọ̀ ìgbà kílọ́ọ̀bù gan-an ló ń san án, torí náà ẹni tó bá ní kí ìyá ọmọ lọ kó èsúsú wá kó tó di pé a rí kílọ́ọ̀bù, kó máa lọ jàre. Ẹni tá a wá bá lọ, orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀.

Fídíò ò le. Odindi géèmù tẹ́nikẹ́ni ò gé ni wọ́n ń fẹ́ ju dunk, ìyẹn kéèyàn fò kó ki bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, lọ, kí kóòṣì lè rí bó ṣe ń sá padà wá dí ẹ̀yìn nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́. Mo kọ gíga ẹ̀ láìwọ bàtà, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ẹ̀yìn jésì síwájú fídíò, ó parí.

Kọ́ńtíráàtì ló gbà mí lásìkò. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde kí n lè fi bírò fàlà sí i. Gbogbo ará ilé ń ṣírò yúrò sí náírà, èmi ń wá ohun kan péré, ṣé owó tí wọ́n ti yọ owó orí kúrò ni àbí èyí tí wọn ò tíì yọ, torí iye tó máa dé ọwọ́ ọmọ yàtọ̀ síra gan-an. Oṣù 10 ni wọ́n sì kọ síbẹ̀, oṣù méjì tó kù ò sówó, àwọn aráalé ti ń fi oṣù 12 ṣírò. Ilé àti tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ wà nínú ẹ̀. Mo ní ta ló ń san owó iná àti gáàsì, wọ́n ní àwọn ni, mo ní ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́.

Ibi tí mo ti dúró dáadáa ni àyẹ̀wò ara. Wọ́n ní kọ́ńtíráàtì ò tíì múlẹ̀ àfi tí dókítà wọn bá ní ara ọmọ dá, ìyẹn ò burú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, àmọ́ wọn ò sọ ìgbà tí àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ parí. Ìyẹn ni pé ó lè gbá bọ́ọ̀lù fún wọn lóṣù kan gbáko kí wọ́n tó sọ pé orúnkún ẹ̀ ò dáa. Mo ní kí éjẹ́ǹtì fi wákàtí 72 sí i látìgbà tó bá débẹ̀, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ó ti yege nìyẹn, tí wọ́n bá ní kò yege, àwọn ni wọ́n máa san owó tó máa fi padà wálé. Kí wọ́n sì kọ ọ́ pé tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, owó oṣù ẹ̀ ò ní dúró.

Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tẹ́nikẹ́ni kì í kà, lèmi kà sí ju owó lọ, ìyẹn ibi tí ẹjọ́ máa lọ tí kílọ́ọ̀bù ò bá sanwó. Kóòtù ìlú tiwọn ni wọ́n kọ. Ṣé ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lóun nìkan lójú ọ̀nà jíjìn ló máa gba lọ́yà, ní èdè tí ò gbọ́? Mo ní kí wọ́n fi BAT sí i, ìgbìmọ̀ onílàjà tí FIBA dá sílẹ̀ ní 2007, Geneva ni ìjókòó wọn, adájọ́ kan ṣoṣo ló ń dá a, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, tí kílọ́ọ̀bù bá jẹ̀bi tó kọ̀ tí ò san, FIBA lè dá wọn dúró kí wọ́n má forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀. Àmọ́ tí kò bá sí nínú ìwé, BAT ò ní dá sí i. Wọ́n lọ́ra díẹ̀, éjẹ́ǹtì ò fẹ́ wàhálà, mo ní kò burú, ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró sílé. Wọ́n gbà.

Ìwé ìyọ̀ǹda láti Nàìjíríà, ìyẹn èyí tó máa fi lè lọ gbá níta, ò le, ohun tí àjọ básíkẹ́tì ilé lè torí ẹ̀ kọ̀ ni pé ó ṣì ní kọ́ńtíráàtì lọ́dọ̀ kílọ́ọ̀bù kan, kò sì ní. Físà, ẹni tó bá ti gbà á rí mọ̀, n ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ó wá ku àǹtí mi. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ gbọ́dọ̀ wálé fún Ojúde Ọba. Mo ní màmá, ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ní 2025 ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ló bọ́ sí, ọdọọdún ló sì ń yára dé ju ti èṣí lọ, á máa kó sí àárín play-off wọn, ìyẹn ìdíje tí wọ́n fi ń parí líìgì. Kílọ́ọ̀bù fèsì pé tí tíìmù bá ti jáde, kó máa bọ̀ nílé lọ́jọ́ tó bá wù ú, tí wọ́n bá ṣì wà nínú ẹ̀, kò gbọdọ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Àǹtí mi ní ṣé a ò lè máa gbàdúrà kí wọ́n tètè jáde ni? Mo ní ẹ má dán an wò o, bọ́nọ́ọ̀sì wà fún ọmọ yín tí wọ́n bá wọ play-off.

Wọ́n ní èló?