Fódà Àjùmọ̀lò Kò Ṣí Mọ́: Ibi Tí Ẹ Ó Ti Bẹ̀rẹ̀

Ní ọ́fíìsì kékeré tàbí ilé ìwé, kọ̀ǹpútà kan ló sábà máa ń gbé fódà tí gbogbo yín jọ ń lò dání. Nínú ìwé yìí, a ó pe kọ̀ǹpútà náà ní onílé. Bí fódà bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ má tíì yí ohunkóhun padà. Ẹ ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ síwájú yín. Èèyàn púpọ̀ ni mo ti rí tó pa ìkìlọ̀ yẹn dé láìkà á, tí wọ́n wá fi odindi àárọ̀ wá ohun tí ìkìlọ̀ náà ti sọ.

Bó bá ní òun kò rí onílé, tàbí tó kọ nọ́ńbà 0x80070035, ọ̀nà ló dí. Bó bá kọ "Access is denied", tàbí tó ń bèèrè orúkọ àti páswọ́ọ̀dù léraléra, ọ̀nà là. Ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n ti dá yín dúró. Ẹni tí ọ̀nà dí fún tó lọ ń pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, iṣẹ́ àṣedànù ló ń ṣe.

Bí ọ̀nà bá dí

Ṣé onílé wà ní títàn? Ṣé kò sùn? Kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ìgbà díẹ̀ lè sùn fúnra rẹ̀, bó bá sì ti sùn, kò sẹ́ni tó lè rí fódà inú rẹ̀. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó má máa sùn lásìkò iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí) lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, onílé àti èyí tó ń wọlé, ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ wo ìlà IPv4, ìyẹn nọ́ńbà àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 192.168.1.10, tí èkejì jẹ́ 192.168.1.24, agboolé kan náà, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ni wọ́n sábà máa ń wà. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 kò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ ráúta, ẹ̀rọ tó so àwọn kọ̀ǹpútà yín pọ̀: ẹ yọ wáyà rẹ̀, kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá orí Wáì-fáì àlejò lẹnì kan wà. Ọ̀pọ̀ ráúta ni kì í jẹ́ kí àlejò rí kọ̀ǹpútà àwọn ará ilé.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ \\192.168.1.10, ìyẹn nọ́ńbà onílé tiyín. Bó bá ṣí báyìí, orúkọ onílé ni àwọn kọ̀ǹpútà yòókù kò dá mọ̀. Ẹ ṣètò ráúta kó máa fi nọ́ńbà yẹn pamọ́ fún onílé nìkan, kí ẹ sì máa fi nọ́ńbà náà pè é.

Bí kò bá ṣí, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ráúta ni, ẹ wo ìṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí onílé. Windows lè ti kà á sí Public, kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé. Ẹ yí i sí Private, kí ẹ tan File and printer sharing. Mo bẹ̀ yín, ẹ má pa firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà àjèjì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí èyí.

Bó bá jẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn ni

Mo jókòó ti akọ̀wé kan rí tó tẹ nọ́ńbà mẹ́rin kan náà nígbà mẹ́fà. Nọ́ńbà tó fi ń ṣí onílé láràárọ̀ ni, kò sì ṣì í tẹ̀. PIN ni, PIN kò sì wúlò ju orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe é lọ. Ẹni tó bá gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá, páswọ́ọ̀dù àkáǹtì gan-an ni onílé ń bi í. Àkáǹtì tí kò ní páswọ́ọ̀dù rárá, onílé kì í gbà á wọlé báyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù ni, ẹ ṣí Credential Manager, ibi tí Windows ń fi páswọ́ọ̀dù pamọ́ sí, lórí kọ̀ǹpútà tó ń wọlé, kí ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́.

Ibì kan tún wà tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú: fódà náà ṣí, ẹ ń kà á, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ fi fáìlì pamọ́. Ìyọ̀ǹda méjì ló wà lórí fódà kan nínú Properties rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ Sharing, èkejì lábẹ́ Security. Èyí tó há jù ló máa ń borí. Bí Sharing bá gba gbogbo nǹkan láyè, tí Security ní kíkà nìkan, kíkà nìkan lẹ ó rí. Ẹ tún méjèèjì ṣe fún àkáǹtì ẹni tó nílò rẹ̀. Ẹ má yan Everyone kẹ́ ẹ fún un ní Full Control kí wàhálà lè tán. Máàkì àwọn ọmọ àti owó oṣù òṣìṣẹ́ lè wà nínú fódà yẹn.

Bó bá ń ṣí láàárọ̀, tó ń kọ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀, ẹ ka iye kọ̀ǹpútà tó ń wọlé. Windows 10 àti 11 kì í gbà ju 20 lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ̀rọ skánà àtijọ́ kan ṣoṣo ni kò lè wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ SMB1, èdè àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nìkan ló gbọ́. Láti 2017 ni Windows 10 tuntun ti ń wá láìní in, ọdún náà gan-an ni WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó lè gba owó, gba àlèébù inú SMB1 tàn ká ayé. Ẹ má tan án padà lórí onílé. Ẹ jẹ́ kí skánà náà máa fi iṣẹ́ rẹ̀ sórí fláàṣì.