Bẹ́ ẹ ṣe lè fi AI ṣe backend áàpù owó ẹgbẹ́, kí gbèsè olóyè má lọ di ohun tí gbogbo ayé ń kà

Kí Iléyá tó dé ni gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra) ní Ìjẹ̀bú-Òde ti máa ń sáré owó aṣọ Ojúde Ọba, akápò á máa fi bírò kọ ọ́ sí nótù, àwọn kan á fi rísíìtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn míì á ní àwọn ti kó o fún ẹ̀gbọ́n kan níjọ́sí. Áàpù kékeré lè gba wàhálà yìí lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ bá sì mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe é, torí AI tó ń kọ kóòdù ti pọ̀, Claude Code, Cursor, GitHub Copilot, èyí tó bá wù yín. Ojú áàpù yẹn, bọ́tìnnì àti àwọ̀, AI á ti ṣe é tán kẹ́ ẹ tó mu gààrí tán. Ẹ̀yìn ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní backend, niṣẹ́ wà, ibi tí orúkọ àti owó ń gbé, ta ló lè rí i, ta ló lè yí i padà. Ìyẹn nìkan ni màá sọ níbí.

Supabase, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú backend lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni màá fi ṣàlàyé, torí Postgres ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn dátábéèsì (ibi tí ìsọfúnni ń gbé) tó ń fi tábìlì tọ́jú nǹkan, ọ̀rọ̀ owó sì bá tábìlì mu dáadáa. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fàyè 500 MB sílẹ̀ fún dátábéèsì, orúkọ àti owó ẹgbẹ́ kan ò lè kún ìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó ṣí AI rárá, ẹ jókòó ti akápò àti akọ̀wé, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí ni kálukú gbọ́dọ̀ rí. Ọmọ ẹgbẹ́ á rí tiẹ̀ nìkan. Alága á máa wò, kò ní kọ nǹkan kan. Akápò á rí ti gbogbo èèyàn, á sì lè kọ owó táwọn èèyàn kó fún un lọ́wọ́, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ lè pa nǹkan tó ti kọ rẹ́, tó bá ṣì í kọ, kó kọ àtúnṣe sísàlẹ̀ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ìwé owó gidi (àwọn akápò kan ò ní fẹ́ràn èyí o, ẹ má dá wọn lóhùn). Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì kan. Tó bá jẹ́ Claude Code lẹ̀ ń lò, ẹ pe fáìlì yẹn ní CLAUDE.md, òun fúnra ẹ̀ á máa kà á nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ṣí i.

Lẹ́yìn náà lẹ máa wá bẹ AI níṣẹ́, báyìí:

"Má tíì kọ kóòdù kankan. Ka CLAUDE.md, kó o sọ gbogbo tábìlì tá a nílò fún mi, ẹni tó lè ka ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó lè kọ sí i. Kóbọ̀ ni ká fi tọ́jú gbogbo owó, odidi nọ́ńbà, kò gbọdọ̀ ní dẹ́símà."

Ìdí tí mo fi sọ kóbọ̀ ni pé kóbọ̀ ni Paystack, iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi ń ka owó, 45,000 náírà á wọlé bíi 4500000. Tí apá kan áàpù bá ń ka náírà tí apá kejì ń ka kóbọ̀, ẹni tó san owó aṣọ kan á di ẹni tó san mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀, inú tiẹ̀ á dùn, inú akápò ò ní dùn.

Ibi tí AI ti lè já yín kulẹ̀ jù wá rèé. Supabase ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní Row Level Security, RLS, òun ló ń sọ pé ìlà yìí ti lágbájá ni, kí tàmẹ̀dù má rí i. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yín ṣe tábìlì nínú Table Editor, wọ́n á ti bá yín tan RLS, àmọ́ tó bá jẹ́ SQL, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún dátábéèsì, lẹ fi ṣe é, ẹ̀yin lẹ máa tàn án fúnra yín. AI sì rèé, SQL ló máa ń kọ. Áàpù á máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kò ní sí error kankan, gbogbo ẹgbẹ́ á máa pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá yọ kọ́kọ́rọ́ ìta tó wà nínú áàpù yẹn lè ka gbogbo orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àti ẹni tó ṣì jẹ owó. Ẹ wo kí wọ́n máa ka gbèsè olóyè kan sókè láàárín ọjà Òkè-Ajé. Nítorí náà lábẹ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ wá irú ìlà yìí:

alter table owo_ti_won_san enable row level security;

Tẹ́ ẹ bá tàn án láì kọ policy, ìyẹn òfin tó ń sọ ẹni tó lè rí nǹkan, ẹnikẹ́ni ò ní rí nǹkan kan, ojú ìwé á ṣófo. Ẹ̀ẹ́ wá sọ fún AI pé "ó ṣófo", ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín o, torí ọ̀nà tó yá jù ló lè gbà, á kọ policy tó ní using (true), ìyẹn ni pé kí gbogbo ayé wọlé, tàbí kó ní ká kúkú lo service_role, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá. Ẹ ò gbọdọ̀ gbà. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí níbẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ ni using (auth.uid() = omo_egbe_id), kẹ́ ẹ wá kọ ti akápò lọ́tọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn náà, méjì ni. Anon tàbí publishable ni kọ́kọ́rọ́ ìta, ó lè wà nínú áàpù. Service_role, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní secret báyìí, kì í ka RLS sí rárá, orí server (kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn áàpù) nìkan ló ń gbé. Ẹ fi .env, fáìlì tí kọ́kọ́rọ́ wà, sínú .gitignore, àkọsílẹ̀ fáìlì tí kò gbọdọ̀ jáde, kẹ́ ẹ tó ṣe commit àkọ́kọ́ (ìyẹn kẹ́ ẹ tó fi kóòdù pamọ́ sínú Git), tó bá fi lè dé GitHub, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ pa á rẹ́ ò tó, torí ó ṣì wà nínú history (àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti fi síbẹ̀ rí), ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà.

Ẹ má sì dán RLS wò nínú SQL Editor, ibẹ̀ á máa fi gbogbo ẹ̀ hàn yín torí ọ̀gá pátápátá lẹ jẹ́ níbẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì méjì, Bọ́sẹ̀ àti Káyọ̀dé, ẹ wọlé bíi Bọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ gbìyànjú àtika owó Káyọ̀dé, kẹ́ ẹ gbìyànjú àtiyí i padà. Àwọn ìdánwò yẹn gan-an, ẹ ní kí AI kọ wọ́n, ó mọ̀ ọ́n kọ. Orúkọ tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa fún un o, ẹ má da nọ́ńbà fóònù àwọn àgbà ẹgbẹ́ sínú ẹ̀, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti wà láti 2023.

Tó bá kan sísan owó, ẹ má gba ọ̀rọ̀ áàpù gbọ́ pé ẹnì kan ti san, ẹ dúró de webhook Paystack, ìyẹn iṣẹ́ tí Paystack fúnra ẹ̀ máa ń rán sí server yín tí owó bá wọlé. Tẹ́ ẹ bá fi Edge Function (kóòdù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lórí Supabase) gbà á, 401, ìyẹn "o ò láṣẹ", lẹ máa kọ́kọ́ rí, torí Supabase ń bi Paystack ní JWT (ìwé ìdánimọ̀ ẹni tó wọlé) tí kò ní. Ẹ fi --no-verify-jwt gbé function yẹn lọ, àmọ́ kóòdù inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ x-paystack-signature, àmì tí Paystack fi ránṣẹ́, wò pẹ̀lú HMAC SHA512 (ìṣirò tó ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ̀ bóyá Paystack ló rán an lóòótọ́) kó tó kọ nǹkan kan sílẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni lè jókòó sí Ṣàgámù kó máa sọ fún dátábéèsì yín pé òun ti san. Tí server yín ò bá dáhùn 200 (ìyẹn "mo ti gbà á"), Paystack á tún un rán, nítorí náà ẹ fi unique (ìyẹn "má gba ẹ̀dà kejì") sórí reference, àmì ìsanwó kọ̀ọ̀kan, kí owó kan má wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́kọ́rọ́ sk_test, èyí tí Paystack fi ń dánwò láì gba owó gidi, ni kẹ́ ẹ lò títí gbogbo èyí á fi já gaara.

Ó ku ọ̀kan. Supabase ọ̀fẹ́ máa ń dá project dúró tí kò bá sẹ́ni tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í sì í ṣe backup (ẹ̀dà ìpamọ́) fún yín. Lẹ́yìn Ojúde Ọba, tí ẹnikẹ́ni ò rántí áàpù mọ́, ó lè lọ sùn. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ san $25 lóṣù fún èyí tí kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ ní kí AI kọ script (kóòdù kékeré) tó ń kó tábìlì owó sí CSV, fáìlì tí Excel lè ṣí, kí akọ̀wé máa rán an sí ímeèlì ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan.