Bí mo ṣe yan ọta ìbọn mi: ti oko yàtọ̀ sí ti ilé

Ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti ọ̀yà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ mi tán lóko tí mo dá lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, olè fọ́ ilé kan ní àdúgbò wa ní Àtìkòrí. Mo ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan, mo sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀, àmọ́ kátíríìjì tí mo bá rí rà ni mo máa ń kì sí i. Ìyẹn ni mo fẹ́ tún ṣe.

Àwọn ọ̀rẹ́ kan ní kí n wá ìbọn ìléwọ́ fún ilé. Òfin ìbọn ọdún 1959 kà á mọ́ àwọn tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Mo da gbogbo kátíríìjì mi sórí ẹní. 12 ni ìbọn mi: bí a bá fi òjé pọ́n-ùn kan ṣe ọta róbótó 12, ọ̀kan nínú wọn ló bá ẹnu rẹ̀ mu. Àárín wọn ni mo ti rí aláwọ̀ ìyeyè méjì. Ti ìbọn 20 ni! Àyà mi já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: kátíríìjì 20 máa ń yọ̀ wọ inú ìbọn 12, á lọ há síwájú níbi tí ojú kò tó o. Èèyàn á rò pé òun kò tíì ki nǹkan kan, á ki 12 sẹ́yìn rẹ̀, á yìn ín, ìbọn á sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo kó méjèèjì sápò lọ́tọ̀.

Ní ti nọ́ńbà tó ń sọ bí hóró ọta inú kátíríìjì ṣe tóbi tó, bí ó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni hóró ọta ń kéré sí i. Nọ́ńbà 6 kéré, ó sì pọ̀ nínú kátíríìjì kan. SG, irú tí wọ́n ń fi lẹ́tà pè dípò nọ́ńbà, tóbi, hóró mẹ́sàn-án péré ló wà nínú tèmi.

Bàbá ọdẹ kan tó kọ́ mi níṣẹ́ mú mi lọ sóko rẹ̀. A gbé páálí ti òkìtì yẹ̀pẹ̀ gíga, a sì ń yìn ín láti ibi tó jìnnà síra. Ní ogójì ìgbésẹ̀, ihò nọ́ńbà 6 ti jìnnà síra débi pé ọ̀yà lè gba àárín wọn kọjá. Mo yan nọ́ńbà 4 fún ọ̀yà, kí n sì sún mọ́ ọn kí n tó yìn. SG ni mo yàn fún ẹlẹ́dẹ̀.

Inú mi dùn sí SG náà gan-an. Mo ní, "Bàbá, èyí náà ni màá máa lò nílé." Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé pákó ilẹ̀kùn àtijọ́ kan wá, wọ́n ní kí n yìn ín. Ọta wọlé níwájú, ó jáde lẹ́yìn, ó tún wọ yẹ̀pẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi, ta ló ń sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn tìẹ?"

Àwọn ọmọ mi mẹ́ta ni. Pákó ló pín yàrá wọn àti tiwa. N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nọ́ńbà 6 ni mo fi sílẹ̀ fún ilé. Kì í ṣe pé ó rọ̀ o: ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, kò tíì tú ká, ó lè pa èèyàn bí SG ṣe lè pa á. Àmọ́ tí ó bá tàsé, kì í rìn jìnnà bíi SG nínú pákó àti ògiri. A ti fẹnu kò nílé pé bí olè bá dé, gbogbo wa á wọ yàrá inú, a ó tilẹ̀kùn, a ó pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Ìbọn ló kẹ́yìn. Inú àpótí onírin ló wà láìní ọta nínú, kátíríìjì wà nínú àpótí mìíràn, ọrùn mi sì ni kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà.

Mo wá agolo mẹ́ta tí omi kò lè wọ̀, nítorí ọ̀rinrin òjò wa máa ń ba kátíríìjì jẹ́. Mo kọ "ọ̀yà", "ẹlẹ́dẹ̀" àti "ilé" sí wọn lára gàdàgbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti kó aláwọ̀ ìyeyè méjì náà lọ fún ẹni tó ni wọ́n ní Òkè-Agbo.